Ilé Wo Ni Bàbá Séfíà Wò?

Nígbà tí ọmọ àbúrò mi pé ọjọ́ mẹ́jọ ní Houston, orí Zoom la ti kó o jáde. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni níbí. Ìyá mi ti we gèlè, ó ti gbé fóònù ti ara tẹlifíṣọ̀n, ó ti to oyin, iyọ̀, orógbó àti ataare sínú àwo síwájú ara rẹ̀, àfi bíi pé ọmọ náà máa yọ ahọ́n jáde látinú fóònù wá tọ́ ọ wò. Wọ́n ń ka àwọn orúkọ Yorùbá, Màmá ń ṣe àmín sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá kan èyí tí wọ́n máa fi pè é nílé ìwé. Àbúrò mi ní, "Xavier." Àmín ò jáde.

Màmá yíjú sí mi. "Kí ló pè é?"

"Xavier, Mà."

"Séfíà?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, Mà."

Kò sọ nǹkan kan títí wọ́n fi gbàdúrà tán, tí ojú fóònù fi ṣú. Ìgbà yẹn ló tó ní, "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo ni bàbá Séfíà wò?"

Mi ò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Kí n má purọ́, bọ́ọ̀lù nìkan ló jẹ́ kí n mọ orúkọ ọ̀hún. Lọ́dún 2010 tí Sípéènì gba ife àgbáyé ní Gúúsù Áfíríkà, Xavi àti Xabi Alonso ló dúró láàárín pápá fún wọn. Ní fíúwìn sẹ́ńtà tí mo ti wo àṣekágbá, ọkùnrin kan búra pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n. Ẹnì kejì rẹ̀ ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó ní ẹni tó ń tẹ orúkọ sẹ́yìn aṣọ ló ṣì í kọ, pé orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló pín sí méjì. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n da àga lu ara wọn. Èmi gan-an rò pé orúkọ méjì tó kàn jọra ni.

Orúkọ kan náà ni. Xavi, ọmọ Terrassa ní Catalonia, Xavier ló ń jẹ́ lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́. Xabi Alonso, ọmọ Tolosa nílẹ̀ àwọn Basque, ẹ̀yà kan tó wà níbi tí Sípéènì ti bá Faransé pààlà, Xabier ni. Ẹnì kẹta wọn tún wà nínú ikọ̀ náà, Javi Martínez, tí í ṣe ọmọ Navarra, òun ń jẹ́ Javier. Ẹni mẹ́ta nínú ikọ̀ kan, orúkọ kan, èdè mẹ́ta. Ọkùnrin tó ní orúkọ ẹnì kan ló pín sí méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á, ibi tó parí rẹ̀ sí ni kò dáa.

Lẹ́tà X yẹn ló kọ́kọ́ dá mi dúró. Kò sí nínú A B D tí ìyá mi kọ́, kò sì sí ohun tí ẹnu Yorùbá lè fi òun ti Amẹ́ríkà ṣe ju Séfíà lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń pè é ní Houston ni àwọn tó ni orúkọ ń pè é. Àwọn Basque ń pè é ní Ṣabiẹ. X wọn, Ṣ wa ni. Àwọn Potogí náà, Ṣaviẹ ni tiwọn. Nígbà kan rí, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń sọ èdè Sípáníìṣì ṣe ń pè é, kó tó di pé, láàárín ọ̀rúndún 16 àti 17, ohùn yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ sẹ́yìn ẹnu, títí ó fi di ohun tí wọ́n ń fi ọ̀nà ọ̀fun hán jáde bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́rùn. Lọ́dún 1815, àjọ tó ń mójú tó èdè Sípáníìṣì ní Madrid pàṣẹ pé J ni kí wọ́n máa fi kọ ohùn náà. Xerez di Jerez, Ximénez di Jiménez, Xavier di Javier. Mẹ́síkò nìkan ló ya olóríkunkun, ó di X tirẹ̀ mú títí dòní.

Ẹ jẹ́ kí n yà sọ́nà díẹ̀ níbí, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí mo ṣe rò lọ. Nígbà tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn wa lọ sí Kúbà ní wìtìwìtì ní ọ̀rúndún 19, èdè Sípáníìṣì ò ní Ṣ mọ́. Ohun tó sún mọ́ ọn jù lọ́wọ́ wọn ni CH, ìdí nìyẹn tí Ṣàngó fi di Changó níbẹ̀, tí Ọ̀ṣun di Ochún, tí Ọ̀ṣọ́ọ̀sì di Ochosi, tí àṣẹ di aché. Ní Bràsíìlì, níbi tí X àwọn Potogí ṣì ń dún bí Ṣ, Xangô ni wọ́n kọ ọ́, Oxum, Oxóssi, axé. X tó wà níwájú Xangô ní Bahia, òun náà ló wà níwájú Xavier. Mo ti ń rí Xangô yẹn lára ìwé àti lára ṣẹ́ẹ̀tì láti kékeré, mo sì máa ń bi ara mi pé ta ló kọ́ wọn láti máa fi X pe Ṣàngó. Orúkọ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ló wá là mí lójú.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ni mo ti gbé fóònù sílẹ̀ tí mo jókòó dáadáa. Nínú èdè Basque, etxe ni wọ́n ń pe ilé, berri ni tuntun. Etxe berri, ilé tuntun. Wọ́n tilẹ̀ tò ó bí a ṣe ń tò ó, ilé síwájú, tuntun sẹ́yìn. Láti inú Etxeberri yìí ni Xabier ti wá, lẹ́nu àwọn tó ń gé e kúrú láti ìran dé ìran, pàápàá níbi tí èdè Basque ti ń kú lọ tí èdè àwọn aládùúgbò sì ń gbapò rẹ̀.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé gan-an ni wọ́n sọ ọmọ náà!

Ilé yẹn wà, mo ti wo àwòrán rẹ̀ títí ojú ń dùn mí. Ilé olódi ni, wọ́n fi òkúta kọ́ ọ sórí àpáta ní Navarra, ní ìsàlẹ̀ àwọn òkè Pyrenees, kò jìnnà sí ìlú Sangüesa. Abúlé tó yí i ká ń jẹ́ Javier. Kì í sì í ṣe òun nìkan. Tí èèyàn bá sọdá sí Aragón, Javierre wà níbẹ̀, Javierregay wà, Javierrelatre wà. Níbi tí ẹnu ò ti gé e kúrú, ó ku Etxeberria, tí àwọn ará Sípéènì ń kọ ní Echeverría tàbí Echevarría, tí àwọn ará Faransé ń kọ ní Etcheverry. A tó wà ní ìparí rẹ̀ kò ju "náà" lọ, ilé tuntun náà. Chavarría pẹ̀lú, ìdílé kan náà ni. Èyí fi hàn pé Luis Echeverría tó ṣe ààrẹ Mẹ́síkò láti 1970 sí 1976, àti Juan Miguel Echevarría, ọmọ Kúbà adúláwọ̀ tó gba fàdákà níbi fífò jìnnà ní Òlíḿpíìkì Tokyo, orúkọ Xavi àti Xabi ni wọ́n ń jẹ́, aṣọ ló yàtọ̀.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí ilé tuntun fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn ò ní béèrè. Láàárín àwọn Basque, ilé ló ní orúkọ, ara ilé ni èèyàn ti ń gbà á. Ẹni tó bá ń gbé ilé kan, orúkọ ilé náà ni wọ́n fi ń dá a mọ̀, kódà bó bá jẹ́ pé ṣe ló gbéyàwó wọlé síbẹ̀. Bí a ṣe ń bi ọmọ léèrè nìyẹn pé, "Ará ilé ta ni ẹ́?" Tí ẹnì kan bá wá yapa kúrò nílé àgbà tó lọ kọ́ tirẹ̀, kí ni àdúgbò tún máa pè é?

Èmi mọ ilé tuntun kan tó ti gbó. Bàbá tó bí bàbá ìyá mi bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà lórí ọ̀rọ̀ kan tí kò sẹ́ni tó rántí mọ́, ó kó ẹrù jáde ní agbo ilé, ó lọ mọ ilé tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọ̀nà. Wọ́n ń pè é ní Ilé Tuntun. Àwọn ilé oníbúlọ́ọ̀kù àti ilé alájà méjì ti yí i ká báyìí. Páànù orí rẹ̀ ti pọ́n bí epo, ògiri amọ̀ apá òsì ti fẹ̀yìn sọ́nà bí àgbàlagbà tó ń wá nǹkan fara tì, ewúrẹ́ ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, tó o bá ní kí ọlọ́kadà gbé ẹ lọ Ilé Tuntun, kò ní ya ilé tuntun kankan, iwájú ògiri yẹn ló máa já ẹ sí.

Tí orúkọ ilé Navarra bá wà nílé, ẹnikẹ́ni ò bá má gbọ́ nípa rẹ̀ ju ará Sangüesa lọ. Ọmọ kan ló gbé e jáde. Ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1506 ni wọ́n bí Francisco sínú ilé olódi náà, òun ni àbíkẹ́yìn. Bàbá rẹ̀, Juan de Jasso, amòfin ni, òun sì ni olórí ìgbìmọ̀ ọba Navarra. Ìyá ló ni Javier. María de Azpilicueta lorúkọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni ogún ilé náà wà. Ọmọ bàbá kan, ìyá kan, wọn ò jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà: ẹ̀gbọ́n Francisco kan, Juan, orúkọ ìyá wọn ló mú, ó ń jẹ́ de Azpilicueta. Francisco mú orúkọ ilé. Òfin tó ní ọmọ gbogbo gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ bàbá ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà yẹn, bí kò ṣe sí lọ́dọ̀ tiwa náà kó tó di pé àwọn míṣọ́nnárì bi wá léèrè sọ́nẹ́ẹ̀mù.

Ẹni tó bá ń wo Chelsea á ti dá Azpilicueta mọ̀. César Azpilicueta, ọmọ Navarra lòun náà, òun ni balógun tó gbé ife Champions League sókè fún wọn ní 2021. Abúlé kan wà ní àfonífojì Baztan tó ń jẹ́ Azpilkueta. Orúkọ náà le lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n bá ń pè é ní Dave. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi Séfíà bú ìyá mi.

Ilé tuntun yẹn ò pẹ́ kó tó rí ogun. Lọ́dún 1512, Castile, ìjọba Sípéènì tó múlé tì wọ́n, gba ilẹ̀ Navarra, àwọn ẹ̀gbọ́n Francisco sì gbè sẹ́yìn ọba tí wọ́n lé. Lọ́dún 1516, Kádínà Cisneros, tó ń bójú tó Castile, pàṣẹ kí wọ́n wó àwọn ilé olódi Navarra. Wọ́n gé ilé ìṣọ́ Javier kúrú, wọ́n wó odi rẹ̀, wọ́n dí yàrà rẹ̀. Bàbá ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ẹni tó ń jẹ́ Ilé Tuntun nígbà tí wọ́n ń wó ilé náà.

Ọdún 1525 ló lọ sí Paris lọ kàwé. Níbẹ̀ ni òun àti Ignacio ti bára gbé yàrá, Basque bíi tirẹ̀, tó wá láti ilé kan tí wọ́n ń pè ní Loyola. (Àwọn ọmọ Loyola College ní Ìbàdàn, ṣé ẹ mọ̀ pé orúkọ ilé ẹlòmíì lẹ gbé sáyà fún ọdún gbọọrọ?) Àwọn méjì yìí àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn ló dá ẹgbẹ́ àwọn Jésúítì sílẹ̀, tí Póòpù fọwọ́ sí ní 1540. Lọ́jọ́ ìbí rẹ̀ tó pé ọdún 35, Francisco wọkọ̀ ní Lisbon, ó dé Goa ní Íńdíà ní 1542, kò sì padà sí Yúróòpù mọ́. Ó dé Malacca, ó dé àwọn erékùṣù Moluccas, ó gúnlẹ̀ sí Kagoshima ní Jàpáànì ní 1549. Erékùṣù Shangchuan, létí ilẹ̀ Ṣáínà tó ń fojú wò tí kò lè wọ̀, ló kú sí ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 1552. Goa ni òkú rẹ̀ wà títí di àkókò yìí, àfi apá ọ̀tún rẹ̀ tí wọ́n gé lọ sí Róòmù ní 1614. Èmi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ apá gígé yẹn rárá, mi ò sì sọ ọ́ fún Màmá.

Ohun tí mo fẹ́ràn ni lẹ́tà kan tó kọ láti Íńdíà ní 1544. Ó ń ṣàlàyé bí òun àti àwọn apẹja tó ń wàásù fún ò ṣe gbọ́ ara wọn, ó ní malabar ni èdè àbínibí wọn, bizcaína sì ni ti òun. Bizcaína ni wọ́n ń pe èdè Basque láyé ọjọ́un. Ọkùnrin tó kàwé gboyè ní Paris, tó gbọ́ Látìn, tó ń kọ lẹ́tà náà ní Sípáníìṣì, nígbà tó kan ọ̀rọ̀ èdè àbínibí, èdè ilé ló pè. Títí di òní, ọjọ́ ikú rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ọjọ́ èdè Basque.

Ní 1622 ni Ìjọ Àgùdà kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́. Látìgbà yẹn ni àdírẹ́sì ti di orúkọ àbísọ. Àwọn Francisco ti pọ̀ jù láàárín àwọn ẹni mímọ́: ti Assisi wà, ti Paola wà, ti Borja náà máa tó dé. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ jọ ti Navarra ní láti pè é ní Francisco Javier kí ó lè yàtọ̀. Nígbà tó yá, Francisco bọ́ sílẹ̀, Javier dá dúró. Àwa náà ṣe irú ẹ̀. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì ń sọ ọmọ ní Wesley, àwọn míì ń jẹ́ Kennedy, ẹnikẹ́ni ò rántí pé orúkọ ìdílé ẹlòmíì ni. Ní Sípéènì, wọ́n ṣì máa ń ka Javier àti Francisco Javier sí orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, méjèèjì ló sì kún ìgboro.

Ibi tó dé lẹ́yìn ìyẹn ò lónkà. Ó di Xaver ní Bavaria, Saverio ní Ítálì, Ksawery ní Pólàǹdì. Ó di obìnrin, Javiera, tí wọ́n fẹ́ràn púpọ̀ ní Ṣílè, níbi tí Javiera Carrera ti wà lára àwọn tó jà fún òmìnira wọn. Ó tún padà di orúkọ ìdílé: Tiradentes tí àwọn Potogí yẹgi fún ní Rio ní 1792, Joaquim José da Silva Xavier lorúkọ rẹ̀. Ní Fílípíìnì, níbi tí gómìnà Clavería ti pàṣẹ ní 1849 kí gbogbo ènìyàn mú orúkọ ìdílé látinú ìwé kan tí ìjọba tẹ̀ jáde, Javier wà lára orúkọ ìdílé tó gbilẹ̀. Evelio Javier, tó ṣe gómìnà ní Antique, tí wọ́n yìnbọn pa ní oṣù Kejì 1986, ikú rẹ̀ wà lára ohun tó mú kí àwọn ará ìlú tú síta lé Marcos, ààrẹ wọn, lọ.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo rẹ̀, ti àwọn Tamil ní Íńdíà ló wù mí jù. Etíkun tí Francisco ti wàásù, àwọn Paravar ló wà níbẹ̀, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa mòòkùn wá péálì lábẹ́ òkun. Wọ́n ń pè é ní Savariyar. Lára orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọ títí di ìsinsìnyí ni Savarimuthu, muthu sì ni péálì lédè wọn. Ẹ̀yin ẹ wò ó: ilé tuntun láti orí àpáta Navarra, ó wá lẹ̀ mọ́ péálì. Oríkì gidi ló dà lójú mi.

Ó ku ibi kan tí inú mi ò dùn dé. Ní Kúbà, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa gba orúkọ ìrìbọmi, Francisco pọ̀ nínú wọn, José pọ̀, ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kí orúkọ ìdílé wà, Lucumí ni àwọn akọ̀wé kọ síbẹ̀. Ará Ọ̀yọ́ ni o, Ẹ̀gbá ni o, Ìjẹ̀bú ni o, Lucumí ni gbogbo wọn. Carlota tó wà lára àwọn olórí ọ̀tẹ̀ ẹrú ní oko ìrèké Triunvirato, ní Matanzas, ní oṣù Kọkànlá 1843, Carlota Lucumí ni ìwé pè é. Ẹni tó bá gba òmìnira sábà máa ń gbé orúkọ olówó rẹ̀ lọ. Ọmọ Basque kan jáde nílé, ilé rẹ̀ tẹ̀ lé e yí ayé ká. Tiwa jáde nílé, wọ́n bi í pé láti ibo, wọn ò sì dúró gbọ́ ilé wo. Ní Kòlóḿbíà, Lucumí ṣì jẹ́ orúkọ ìdílé. Jhon Lucumí tó ń gba ẹ̀yìn fún wọn, ọmọ Cali, ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Mo dìde lórí àga.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo dé ọ̀dọ̀ Màmá. Ó ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ. Mo ní, "Mà, mo ti rí ilé tí wọ́n wò."

"Ilé wo?"

"Ilé Tuntun."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà. "Ilé Tuntun tiwa?"

"Rárá, Mà, ti Sípéènì. Ìtumọ̀ orúkọ náà nìyẹn." Mo wá rò ó fún un látòkèdélẹ̀, àfi apá gígé. Ó gbọ́ ti ìyá tó ni ilé, ó mi orí. Ó gbọ́ ti Kádínà tó ní kí wọ́n wó o, ó pòṣé.

"Bó ṣe wà ní wíwó náà nìyẹn?"

"Wọ́n tún un kọ́, Mà. Ní ìparí ọ̀rúndún 19, ìdílé tó jogún rẹ̀ tún un ṣe, wọ́n sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tì í. Bí oṣù Kẹta bá ti dé báyìí, ẹsẹ̀ ni àwọn èèyàn fi ń rìn láti Pamplona lọ wò ó."

Màmá fọn iyanrìn kúrò lójú ẹ̀wà. Ó ní kí n fún òun ní fóònù, kí n sì pe Houston. Ó dún títí kí àbúrò mi tó gbé e, ohùn oorun ló fi dáhùn.

"Bàbá Séfíà," ni Màmá wí, "ẹ̀gbọ́n ẹ ti túmọ̀ orúkọ fún mi. Mo ṣe àmín. Èyí tó o fi sọ ọmọ, àwọn onílé ti tún un kọ́. Ògiri apá òsì ńkọ́?"

Mo gbọ́ bí ó ṣe mí kanlẹ̀ lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ náà bú sẹ́kún.